Ẹ̀rọ Agégi Kẹta

Ẹni tó bá fẹ́ gbà mí gbọ́, kó gbà mí gbọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó lọ sí Lapaz ní Accra, kó bi àwọn aládùúgbò wa. Wọ́n gbọ́ ìró ẹ̀rọ náà. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, ọwọ́ ara mi ni mo fi di ìdí páálí rẹ̀ mú nígbà tí à ń gbé e wọlé. Mi ò lá a lálàá. Kò sí ẹni tó rò ó fún mi.

Bùkọ́lá ni mò ń jẹ́. Èmi ni ìyàwó Olúbáyọ̀, àkọ́bí Ìyá Àjọkẹ́; Àjọkẹ́ ni oríkì wọn. Accra ni wọ́n bí èmi àti ọkọ mi sí, ṣùgbọ́n Ṣakí ni àwọn òbí wa ti wá. Ìyá ọkọ mi ń ta mílíìkì àti ṣúgà ní ọjà Tudu láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú. Ọmọ ọkùnrin méjì ni wọ́n bí. Ọkọ mi ni ẹ̀gbọ́n, Abọ́dúndé ni àbúrò. Àlàfo tó wà láàárín wọn fẹ̀ díẹ̀. Ọkọ mi ti ń dá rìn lọ sílé ìwé kí wọ́n tó bí Abọ́dúndé. Síbẹ̀, wọ́n ti bí i kí n tó wọ ilé wọn, nítorí náà n kì í pè é lórúkọ. "Ọkọ mi kékeré" ni mò ń pè é.

Iṣẹ́ igi gígé ni àwọn méjèèjì ń ṣe. Bí dongoyaro bá tẹ̀ sórí wáyà iná, bí igi máńgòrò bá fẹ́ wó lu òrùlé, àwọn ni wọ́n máa ń pè. Wọn ò ní ẹ̀rọ tiwọn. Ọwọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Yusif ní àdúgbò Nima ni wọ́n ti ń háyà. Ẹ̀rọ náà ti gbó. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ọdún dumsor, ọdún tí iná kì í pẹ́ lọ, ṣéènì rẹ̀ já mọ́ Abọ́dúndé lọ́wọ́ nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Ó fò kọjá létí rẹ̀. Ó ya fìlà orí rẹ̀ sí méjì, kò sì kan awọ ara rẹ̀.

Abọ́dúndé wálé lọ́jọ́ yẹn, kò jẹun. Ó ní òun ò ṣe mọ́. Ó ní tí ọdún bá ti yí, òun máa bá àwọn ọ̀rẹ́ òun gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà.

Ọ̀sẹ̀ Kérésì ni Ìyá pè mí wá sí ṣọ́ọ̀bù wọn.

"Bùkọ́lá, tẹ̀ lé mi. Mo fẹ́ ra ọdún fún àwọn ọkọ ẹ."

"Kí lẹ fẹ́ rà, Màmá?"

"Ẹ̀rọ agégi. Kí kálukú ní tiẹ̀."

Ẹ̀rín pa mí. "Ẹ̀rọ agégi fún Kérésì?"

"Ẹlòmíì ń ra bàtà," Ìyá wí. "Bàtà ni ọmọ fi ń lọ. Ohun tó máa dá a dúró ni mò ń wá."

Ọyẹ́ ọjọ́ náà le. Eruku funfun bo gbogbo Tudu. Èèyàn ò rí òpin títì. Àwọn bọ́ọ̀sì trotro ń yọ jáde látinú eruku náà, wọ́n tún ń wọ inú rẹ̀ lọ. Ariwo ọjà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó dà bí ariwo tí wọ́n fi aṣọ bò.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Àrówólò la lọ. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, wọ́n ti pẹ́ ní Accra ju Ìyá lọ. Jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ oríṣiríṣi ni wọ́n ń tà. Wọ́n gbé páálí méjì jáde. Wọ́n fi ẹ̀rọ hàn wá, wọ́n fi hàn wá bí wọ́n ṣe ń fa okùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n gbójú sókè, wọ́n wo ẹ̀yìn wa.

"Ẹ ní kó wọlé," wọ́n wí.

"Ta ni?" Ìyá bi wọ́n.

"Ọmọkùnrin yín. Ó ti ń wò wá láti àárọ̀."

A yíjú padà. Ẹnu ọ̀nà ṣófo. Eruku ló wà níbẹ̀, ó dúró gangan láàárín òpó méjèèjì.

"Kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé wa, Bàbá."

Bàbá Àrówólò yọ awò ojú wọn. Wọ́n nù ún, wọ́n tún wo ibẹ̀. "Ó jọ yín ni," wọ́n wí. "Ó jọ yín gan-an ni mo ṣe rò bẹ́ẹ̀." Wọ́n bá wa gbé páálí méjèèjì dé ìdí takisí. A kí wọn pé ó dìgbà, èmi àti Ìyá sì yà sí ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti kí ọ̀rẹ́ Ìyá kan. Kò pẹ́. A wọkọ̀, ó di ilé.

Nígbà tí awakọ̀ ṣí búùtù ní Lapaz, páálí mẹ́ta ló wà níbẹ̀.

Ìyá wo àwọn páálí náà. Wọ́n wo mí. Wọ́n fi èdè Twi bi awakọ̀ léèrè ta ló ni ìkẹta.

"Ọmọ yín ló gbé e wá," awakọ̀ wí. "Nígbà tí ẹ lọ kí èèyàn. Mo ní kó wọlé jókòó. Ó ní rárá, òun á fẹsẹ̀ rìn bọ̀."

"Ọmọ wo?"

Awakọ̀ wo ojú Ìyá. Ó rí nǹkan kan níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló yára já ẹrù náà sílẹ̀, ó wọkọ̀, ó lọ. Kò dúró gba owó.

Èmi àti Ìyá la gbé wọn wọlé. Mo di ìdí páálí kẹta mú. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àga.

Ìyá tẹ Bàbá Àrówólò láago. Wọ́n fi fóònù sí gbangba kí n lè gbọ́. Wọ́n ṣàlàyé. Bàbá Àrówólò ní ká dúró, wọ́n lọ wo ọjà wọn.

"Mo ti wo ọjà mi," Bàbá Àrówólò wí. "Ohun kan ò dín. Èyí tó wà lọ́dọ̀ yín yẹn, kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ mi."

"Kí wá ni ká ṣe sí i?"

"Mi ò mọ̀, Ìyá Báyọ̀. Ẹ ṣáà má gbé e wá síbí."

Ìyá ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. A tọ́jú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú yàrá kékeré tí Ìyá ń kó ọjà sí, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Kọ́kọ́rọ́ náà wà lọ́rùn wọn, lára okùn tí wọ́n fi so àgbélébùú wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo jí gbálẹ̀. Mo rí Ìyá lójú ọ̀nà yàrá náà. Wọ́n ti gbálẹ̀ ṣáájú mi. Ohun tí wọ́n gbá jọ wà nínú páàkà: lẹ́búlẹ́bú igi, irú èyí tí ẹ̀rọ agégi máa ń tú sílẹ̀. Ó funfun. Ó tutù. Òórùn igi tútù gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó tún wà níbẹ̀. Ìyá tún gbá a. Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn títí ọdún fi dé.

Lọ́jọ́ Kérésì, lẹ́yìn tí a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá gbé páálí méjì jáde sí pálọ̀. Àwọn ayálégbé wa ti lọ sí ìlú wọn. Àwa nìkan la wà nílé. Ọkọ mi já tiẹ̀, ó gbé e sórí itan. Abọ́dúndé já tiẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó tún fò dìde.

"Chale, ẹ wò ó! Bọ̀dá, ẹ wo irin rẹ̀! Màmá, ẹ pa mí!"

"Ṣé o ṣì ń lọ sí Líbíà?" Ìyá bi í.

"Ta ló fẹ́ lọ síbẹ̀?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyá nu ojú wọn. Mo rò pé ohun gbogbo ti tán. Mo rò pé a ti bọ́.

Ọkọ mi ń fi ọwọ́ pa ẹ̀rọ rẹ̀ lára. Láìgbójú sókè, ó ní, "Ẹ ò ní fún un ní tiẹ̀ ni?"

Ẹ̀rín dákẹ́.

"Fún ta?" Ìyá bi í.

Ọkọ mi gbójú sókè. Ó ń wò wá kárí, bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

"Mi ò mọ̀," ó wí. "Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ."

Ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì sọ fún un pé ìkẹta wà.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tuntun lọ ṣe, Abena ló pè wọ́n. Abena ń ta wáàkyé, ìrẹsì tí wọ́n fi ẹ̀wà sè, lẹ́bàá ọ̀nà, kò jìnnà sílé wa. Dongoyaro ńlá kan tẹ̀ sórí páànù rẹ̀. Mo pọn Ìmísíolúwa, ọmọ mi, mo tẹ̀ lé wọn láti lọ ra oúnjẹ.

Nígbà tí a débẹ̀, igi náà ti wà nílẹ̀. Wọ́n ti gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n tò ó jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ojú ibi tí wọ́n ti gé e dán bí àwo. Oje ṣì ń sun níbẹ̀.

"Afehyia pa," Abena fi Twi kí wa kú ọdún tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ẹ tún ti padà wá?"

"Ta ló gé e?" ọkọ mi bi í.

"Àbúrò rẹ ni."

Ọkọ mi tọ́ka sí Abọ́dúndé. "Àbúrò mi nìyí. Inú ilé la ti ń bọ̀."

"Èyí kọ́. Ìkejì. Èyí tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀." Abena wo ọkọ mi. Ó wo Abọ́dúndé. Ẹ̀rín ń kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ó jọ ẹ̀yin méjèèjì. Kò wọ bàtà. Mo fún un ní omi, kò mu ún. Ìdí igi ló dà á sí."

"Ṣé o gbọ́ ìró ẹ̀rọ rẹ̀?" Abọ́dúndé bi í.

Abena fi ìbòrí rẹ̀ nu ọwọ́.

"Mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ló ti ń dún. Ó dúró síwájú mi níbí, ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìró rẹ̀ sì ń ti ọ̀nà Nima wá."

Mo gbàgbé wáàkyé. A padà sílé.

Ó tún ṣẹlẹ̀ ní Nima. Yusif, ẹni tó ń háyà ẹ̀rọ fún wọn tẹ́lẹ̀, pè wọ́n pé kí wọ́n wá gé igi òdan kan lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Abọ́dúndé nìkan ló lọ lọ́jọ́ yẹn. Kò pẹ́ tó fi dé. Ó ní igi ti wà nílẹ̀. Ó ní Yusif ń dúpẹ́ lọ́wọ́ òun.

"Kí ló sọ?" ọkọ mi bi í.

"Ó ní ẹ̀gbọ́n mi ti wá ṣe é."

"Èmi kọ́."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́. Ó mọ̀ yín dáadáa, Bọ̀dá. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi kejì."

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ dà bí àwàdà. Bí wọ́n bá pè wọ́n síbì kan, Abọ́dúndé á ní, "Ẹ jẹ́ ká tètè lọ kí wọ́n tó débẹ̀." Ọkọ mi á fèsì pé, "Jẹ́ kó ṣe é, ṣebí ó lágbára."

Mo wà ní ilé ìdáná, mò ń ṣa ẹ̀wà, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé mi. Mo jókòó tẹtí sí wọn. Abọ́dúndé ń pè é ní *wọ́n*. Ọkọ mi ń pè é ní *ó*. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó tò wọ́n. Àbúrò ń bọ̀wọ̀ fún un, ẹ̀gbọ́n kò bọ̀wọ̀ fún un, wọn ò sì ṣì í rí lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ti mọ ibi tó wà. Àárín wọn ló wà.

Ọwọ́ mi dúró nínú ẹ̀wà.

Mo lọ bá Ìyá ní yàrá wọn. Mo kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ bi yín. Láàárín Bàbá Ìmísí àti ọkọ mi kékeré, ṣé ẹnì kan wà?"

Ìyá ń ká aṣọ. Wọn ò bínú.

"Mo mọ ohun tí ò ń rò," wọ́n wí. "Èmi náà ti rò ó. Mo ti jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì yìí, mo wá inú ara mi kiri. N kò lóyún láàárín wọn. Oyún kan ò bà jẹ́ lára mi. N kò sin ọmọ. Ọlọ́run tó dá mi ń gbọ́ mi."

"Bàbá ńkọ́? Bóyá níta..."

"Bí ó bá jẹ́ ti Bàbá yín, á jọ Bàbá yín. Àrówólò ní èmi ló jọ."

Wọ́n ká aṣọ kan, wọ́n tú u, wọ́n tún un ká.

"Bí mo bá ti sin ín ni," Ìyá wí, "ǹ bá mọ orúkọ tí màá fi bẹ̀ ẹ́."

Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ igi àràbà dé. Ilẹ̀ kan ni, lẹ́yìn Lapaz, tí ẹni tó ni ín fẹ́ kọ́lé sí. Ọ̀pọ̀ agégi ti kọ̀ ọ́. Ọkọ mi náà fẹ́ kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jí, Abọ́dúndé ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ jáde. Ó ti sọ fún Ìyá pé òun fẹ́ ṣáájú ẹ̀gbọ́n òun kejì débẹ̀ lónìí, kí òun lè rí wọn lójú.

Ìyá lu ilẹ̀kùn wa. "Ẹ sáré tẹ̀ lé e."

Èmi àti ọkọ mi la jọ lọ. Ọyẹ́ tún ti bọ́ sílẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló lọ síbẹ̀, ògiri wà lọ́tùn-ún, gọ́tà jíjìn wà lósì. Iná ti lọ ní gbogbo àdúgbò. Kò sí rédíò. Ẹyẹ ò dún. Ìró ẹsẹ̀ wa nìkan là ń gbọ́.

Nígbà náà la gbọ́ ẹ̀rọ agégi. Ó wà níwájú wa, ó sún mọ́ wa. Ọkọ mi mí kanlẹ̀. "Òun nìyẹn," ó wí. "Ẹ̀rọ rẹ̀ nìyẹn."

Ìkejì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà jíjìn, jíjìn réré ni tirẹ̀ ti ń wá. Bí ọ̀kan bá lọ sókè, ìkejì á lọ sílẹ̀. Wọ́n ń dá ara wọn lóhùn.

A bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Igi náà ké. Bí ẹ bá ti gbọ́ igi ńlá tó ń ṣubú rí, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ilẹ̀ mì lábẹ́ wa. Ìró ẹ̀rọ tòsí dákẹ́. Ti ọ̀nà jíjìn tún ń lọ fún ìgbà díẹ̀. Òun náà dákẹ́.

Eruku bo ojú wa. Ọkọ mi ń pariwo orúkọ àbúrò rẹ̀.

Abọ́dúndé jókòó sórí igi náà. Ohunkóhun kò ṣe é. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tutù, bí ibi tí wọ́n da omi sí.

"Ẹ ò pàdé wọn lọ́nà?" ó bi wá. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni."

Ọkọ mi di èjìká rẹ̀ mú. "Kí lo rí? Báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí?"

Abọ́dúndé rò ó. "Mo ń wojú wọn ni gbogbo àkókò yẹn," ó wí. "Ó ti lọ lọ́kàn mi báyìí." Lẹ́yìn náà ó ní, "Wọ́n ní kí n kí yín. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá kí Màmá lọ́jọ́ Àìkú."

Nígbà tí a rò ó fún Ìyá, mo rò pé wọ́n máa ní ká kó jáde nílé. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n se ìrẹsì, wọ́n dín ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wọ́n tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. Wọ́n wá ṣí yàrá ọjà, wọ́n ní kí n bá wọn gbé páálí kẹta wá sí pálọ̀. Ibẹ̀ la ti ṣí i fún ìgbà àkọ́kọ́.

Kì í ṣe ẹ̀rọ tuntun. Ibi tí wọ́n ti ń dì í mú ti jẹ, ó ti jin wọnú, ó gba ìka márùn-ún. Ẹni kan ti lò ó lọ́dún púpọ̀. Oje tútù wà lára ṣéènì rẹ̀.

Ìyá ní kí n gbé Ìmísíolúwa lọ sí ilé ìdáná, kí n má sì jáde. Àwọn ọmọ wọn méjèèjì jókòó tì wọ́n ní pálọ̀.

Ilẹ̀ ti ń ṣú. Iná lọ. Fáànù yí, ó yí, ó dúró. Rédíò gbogbo àdúgbò kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ mi lẹ̀ mọ́ mi láyà, kò sunkún.

Géètì dún.

"Ẹ kú ilé o," ohùn kan wí.

Mi ò ní gbàgbé ohùn náà. Ohùn ọkọ mi ni, ohùn Abọ́dúndé ni, kì í sì í ṣe ti ẹnì kankan nínú wọn.

Ojú fèrèsé ilé ìdáná dojú kọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí mo ṣe dúró, n kò lè rí ojú rẹ̀. Mo rí ẹsẹ̀. Wọn ò wọ bàtà. Lẹ́búlẹ́bú igi bò wọ́n dé ọrùn ẹsẹ̀, funfun báláú. Wọ́n kọjá níwájú mi, wọ́n wọ pálọ̀. Mo gbọ́ tí ẹnì kan dọ̀bálẹ̀. Abọ́dúndé ni. Mo gbọ́ ọ tó ń wí pé, "Bọ̀dá, ẹ káàbọ̀."

"Kí lo fẹ́?" Ohùn Ìyá ni. Kò gbọ̀n.

"Mo wá kí yín."

"Ìkíni rẹ dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ̀rọ rẹ nìyí. Èmi kọ́ ni mo rà á, ṣùgbọ́n mo fi fún ọ. Gbé e. Fi àwọn ọmọ mi sílẹ̀, má wá síbí mọ́. Èmi kọ́ ni mo bí ọ."

Mo ń gbọ́ èémí ọmọ mi.

"Ta ló wá bí mi?"

Kò bínú. Kò halẹ̀. Ó béèrè bí ẹni tó ṣìnà tó ń béèrè ọ̀nà. Mo dúró kí Ìyá dáhùn. Ìyá ò dáhùn.

Ó dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí ó gbé nǹkan wúwo nílẹ̀.

"Ẹ ṣé é, Màmá," ó wí. Ẹsẹ̀ funfun méjì náà tún kọjá níwájú mi. Géètì dún.

Mo sáré wọ pálọ̀. Oúnjẹ wà bó ṣe wà. Ìyá jókòó, ọwọ́ wọn wà lórí itan wọn, ẹnu wọn là díẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe níta. Inú pálọ̀ ló ti ń dún, láàárín wa, kò sì sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀. Àwo ń jó lórí tábìlì. Mo fi ọwọ́ bo etí ọmọ mi. Abọ́dúndé ti sáré dé géètì. Ó ní òun rí ẹ̀yìn wọn lókèèrè, níbi tí títì ti wọ inú eruku, òun sì rí wọn títí wọ́n fi lọ. Nígbà tí òun ò rí wọn mọ́, ẹ̀rọ náà dákẹ́.

Àwọn aládùúgbò wá bi wá pé igi wo la gé nínú ilé.

Àwọn méjèèjì ṣì ń ṣiṣẹ́ igi. Kò sẹ́ni tó ń ṣáájú wọn débi iṣẹ́ mọ́. Abọ́dúndé ò lọ sí Líbíà. Bí wọ́n bá ti gé igi tán, yóò jókòó sórí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, yóò máa wo ọ̀nà. Pásítọ̀ ti wá gbàdúrà. Ó dára.

Ìyá ló yí padà. Wọn ò sùn dáadáa. Wọ́n ń lọ káàkiri Tudu, wọ́n ń bi àwọn obìnrin ìlú wa léèrè bóyá ọmọ ẹnì kan sọ nù. Wọ́n dé Nima. Kò sẹ́ni tí ọmọ rẹ̀ sọ nù.

"Ó bi mí léèrè ọ̀rọ̀," wọ́n sọ fún mi. "Ojú mi ló ń wò. Bí kì í bá ṣe èmi, ta ni? Ó yẹ kí ẹnì kan wà."

Ní ìrọ̀lẹ́ wọ́n máa ń lọ dúró lẹ́nu géètì. Wọn ò ní orúkọ tí wọ́n lè pè. "Ọmọ mi," ni wọ́n ń pè, jẹ́jẹ́, sí ojú títì. "Ọmọ mi, ibo lo wà?" Àwọn èèyàn rò pé ọjọ́ ogbó ni. Èmi náà fẹ́ rò bẹ́ẹ̀.

Títí di ìrọ̀lẹ́ kan tí a jókòó ní àgbàlá, èmi, ọkọ mi, Abọ́dúndé. Ìyá pe ìpè wọn.

"Màá!" ẹnì kan jẹ́.

Ọkọ mi wo Abọ́dúndé. Abọ́dúndé wo ọkọ mi. Ẹnu àwọn méjèèjì wà ní pípadé.

Ìyá ti gbé ẹsẹ̀ kan kọjá géètì kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo di aṣọ ìró wọn mú. Wọn ò bá mi jà. Wọn ò wẹ̀yìn. Wọ́n kàn ń lọ, bí omi ṣe ń lọ, mo sì fà wọ́n padà.

Ojoojúmọ́ ni mò ń fà wọ́n padà báyìí. Wọ́n ti rù, ara wọn ò wúwo mọ́, ṣùgbọ́n ó ń le sí i. Lánàá, èmi nìkan ò lè dá a ṣe. Àwa mẹ́ta la fà wọ́n, nǹkan kan sì ń fà wọ́n lọ́dọ̀ ọ̀hún.